Oko Ẹ̀wà Abẹ́ Iná Pápá

Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni Marcelline ti gbé ìkòkò ńlá kaná létí oko, omi lásán ló sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yoko. Obìnrin tí àáró bá kàn, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a ká ẹ̀wà, kì í gbé oúnjẹ láti ilé. Omi ni í gbé kaná. Ẹ̀wà tútù tí wọ́n bá kọ́kọ́ ká ni wọn yóò bó sínú omi náà, ata àti epo pupa yóò tẹ̀ lé e, gàrí yóò sì wà nítòsí. Ẹni tó bá se oúnjẹ láti ilé ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀ lórí oko òun.

Ọkàn Marcelline balẹ̀. Láti ojú ọ̀nà, láàárín àwọn igi tẹ́ẹ̀kì tí bàbá ọkọ rẹ̀ gbìn sí etí oko, ó ti rí ẹ̀wà tó so, gígùn-gígùn, òmíràn ti ń gbẹ bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé ni ojú rẹ̀ tún ń rí, ewé dúdú tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà, tó bo ilẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kò wọ inú rẹ̀ lọ wò. Bí ìtàkùn ẹ̀wà bá ti fọwọ́ kọ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó tún ń wọ irú oko bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, torí ẹsẹ̀ ènìyàn a máa gbọn òdòdó dànù. Wọn a ro ó lẹ́ẹ̀kejì, wọn a so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó di ọjọ́ ìkórè. Ìyá tó bí Marcelline kò wọ oko ẹ̀wà rẹ̀ rí kí ọjọ́ tó pé, Marcelline náà kò wọ tirẹ̀.

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́bàá iná, ó ń fi igi kékeré ro eérú.

“Ṣé ẹ sùn dáadáa, Màmá?”

“Mo sùn. Láti ìgbà tí mo ti ta ìró mi bo fèrèsé ni mo ti ń sùn bí ènìyàn. Àwọn adìẹ mi ni kò rí ẹni ta aṣọ fún wọn. Mo dìde lóru, mo bá wọn níta tí wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ bí ẹni pé ọ̀sán ni. Wàyí tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń tòògbé. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ wá yé ẹyin?”

Marcelline rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yíjú wo òdìkejì ọ̀nà. Ọgbà páànù funfun ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ pápá ọkọ̀ òfúrufú sí i, ó gùn débi pé ojú kò rí òpin rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá, á máa wo èéfín ààrò abúlé kejì. Wàyí páànù ni wọ́n ń wò. Lókè páànù náà ni àwọn òpó iná wà, wọ́n ga ju ọ̀pẹ lọ, wọ́n tẹ orí ba bí ẹni tó ń yọjú wo inú ọbẹ̀ onílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wọ́n fún ti òwúrọ̀ yẹn ni.

Kí wọ́n tó rì wọ́n, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ti wá bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi hó. Ó ní òkùnkùn ti tán ní Yoko. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òkùnkùn tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà kan kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí pọ́tábù rẹ̀, fóònù ọwọ́, bá kú ṣì ń gun alùpùpù lọ sí Sakété lọ wá iná kúrán sí i.

Àwọn obìnrin àáró bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Flavienne ló ṣíwájú, òun tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó dúró, ó wo oko náà láti orí dé ìsàlẹ̀.

“Ìyá Gaël, kí lo fún ẹ̀wà yìí jẹ? Ó sanra ju èmi tí mo ń bá epo sùn lọ.”

“Mi ò fún un ní nǹkan kan.”

“Irọ́ ni. Àwọn ènìyàn bíi tìẹ kì í sọ àṣírí.”

Arlette ló dé kẹ́yìn. Láti Ahoyéyé ló ti gun zém, alùpùpù akérò, wá, erùpẹ̀ pupa bo ojú rẹ̀. Ìyàwó Pacôme, àbúrò ọkọ Marcelline, ni. Òun ló fún Marcelline ní irúgbìn tó wà nínú oko yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà nìyẹn: ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú eérú, ó ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ lọ́jà Pobè nígbà gbígbìn. Àwọn ènìyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kì í jáni kulẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Màmá dá a lóhùn, ó sì bi í léèrè àwọn ọmọ. Ohun gbogbo dára ní wákàtí yẹn.

Wọ́n tú màrìwò, wọ́n wọlé. Ẹ̀wà pọ̀ ní ìdí àwọn igi tẹ́ẹ̀kì náà. Ọwọ́ ń já, apẹ̀rẹ̀ ń kún, ẹnu ń sọ ti ọmọ tó kọ̀ láti lọ sílé ìwé àti ti ọkùnrin tó lọ ra ẹran wálé tó gbàgbé ẹran sórí zém. Marcelline gba apẹ̀rẹ̀ kan, ó bó ẹ̀wà inú rẹ̀ sínú omi tó ti ń hó. Òórùn ẹ̀wà tútù gba etí oko. Inú rẹ̀ dùn.

Ó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tó kíyè sí i pé kò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin náà mọ́. Ó gbójú sókè. Wọ́n ti kúrò nítòsí igi, wọ́n ti wọ àárín oko, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí ewé, wọ́n ń ṣí i bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Ẹnikẹ́ni kò ká nǹkan.

Flavienne dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Òfìfo ni wọ́n.

“Ìyá Gaël, wá wò ó.”

Marcelline sáré lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ewé. Ìtàkùn tó nípọn, ewé tó rẹwà, kò sí èso. Ó lọ sí ebè kejì. Kò sí èso, kò sí òdòdó, kò sí àmì pé òdòdó yọ rí. Ó fa ọ̀kan tu, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀, ó wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò náà dára, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Ó rìn dé ìsàlẹ̀ oko, ó tún rìn padà. Ewé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n ti ká nídìí igi.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn ilé rẹ̀ nìyẹn. Ó dúró láàárín ewé, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Màmá ti fi ọ̀pá rìn wá. Ó fi ọ̀pá náà gbé ìtàkùn kan sókè, ó wò ó, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

“Akọ ni,” ó wí.

“Akọ ẹ̀wà kẹ̀?” Flavienne béèrè.

“Ṣé o kò rí akọ ìbẹ́pẹ rí? Á ga, á tutù yọ̀yọ̀, kò ní so láéláé. Akọ ni èyí. Ẹni tó fún wa ló mọ ibi tó ti ṣà á.”

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn wo Arlette.

“Màmá,” Arlette wí jẹ́jẹ́, “igbá kan náà ni. Mo bu tiyín níbẹ̀, mo bu tèmi níbẹ̀. Tèmi ti wà nínú àpò ní Ahoyéyé.”

“Mo ti gbọ́. Tìrẹ so.”

Obìnrin kan tún ìró rẹ̀ ró láìnídìí. Òmíràn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀,” Marcelline wí. “Èyí tó wà nídìí igi, irúgbìn Arlette náà ni, ó sì so.”

“Ìwọ lo gbìn ín. O lè ti da ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ ọn.”

“Mi ò da nǹkan kan pọ̀.”

“Nígbà náà, ọwọ́ tó fún ni ni.” Màmá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹbí bá pé, èmi yóò sọ ọ́. Ọwọ́ ìyàwó Pacôme kò ní kan irúgbìn ilé yìí mọ́.”

Ọ̀rọ̀ Màmá kì í gbé inú ilé kan. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, yóò ti dé Ahoyéyé lọ́jọ́ Ajé. Àgbẹ̀ wo ni yóò gbọ́ pé ẹ̀wà Arlette ya akọ lóko ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí yóò tún gbé igbá wá bá a lọ́jà Pobè? Arlette mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀.

“Èmi á máa lọ,” ó wí.

“O kò tíì jẹun,” Marcelline wí.

“Mo ti yó.”

Marcelline di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ kí ó gun zém lọ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. “Dúró kí n fi rí ìdí rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Ohun tó wà lójú mi yìí kò yé mi, o sì mọ̀ mí, bí nǹkan kò bá yé mi, mi ò kí ń lè jókòó.”

Arlette jókòó, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ọ̀tọ̀.

Wọ́n jẹ ẹ̀wà ìkòkò náà ṣá. Ebi kì í dúró de ìjà. Màmá ló ń bu oúnjẹ, torí òun ni àgbà. Ó bù fún Flavienne, ó bù fún àwọn yòókù, ó bù fún Marcelline. Nígbà tó kan Arlette, ó fi ìgbakọ sínú ìkòkò, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ bù ú fúnra rẹ̀. Arlette kò bù ú. Marcelline bu ti ara rẹ̀ sí méjì, ó gbé apá kan síwájú Arlette. Ìyẹn náà wà níbẹ̀ tí eṣinṣin ń bà lé e.

Ibẹ̀ ni Bọ́láwájí bá wọn, ọmọ Ìlaròó tó máa ń kiri ọjà láti abúlé dé abúlé, tó kó abọ́, díńgí àti iná ìléwọ́ sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ó kí wọn kú iṣẹ́ oko, wọ́n bu ẹ̀wà fún un, ó jókòó tì wọ́n.

“Ìyá Gaël, ẹ ra iná ìléwọ́ kan. Ẹ bá mi ra ọ̀kan péré.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

“Ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi mí nìyẹn. Ní Pobè, mò ń tà. Ní Ahoyéyé, mò ń tà. Tí mo bá ti dé etí pápá yìí, ọjà kú. Oòrùn tiyín kì í wọ̀ mọ́. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, ibí yìí ni ilẹ̀ ṣú mi sí. Mo wá oṣù títí, mi ò rí i. Ojú ọ̀run yín funfun bí ògì. Ìlaròó ni mo pè tí wọ́n fi sọ fún mi pé oṣù ti lé.”

“Ìwọ ni kò rí ọjà tà,” Flavienne wí. “Èmi ń rí tèmi tà. Iná yẹn ló ń bá mi dúró ti àkàrà. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá ń ra nǹkan lọ́wọ́ mi títí ẹsẹ̀ yóò fi dá ní títì. Kí ẹnikẹ́ni má bú iná níwájú mi.”

“Mi ò bú u o. Ọjà mi ni mo ń sunkún.”

Marcelline kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó padà sínú oko. Ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Flavienne ti sọ pé etí oko ló máa ń so ju àárín lọ. Ó dára. Ó rìn lọ sí etí oko kejì, ti ọwọ́ ìsàlẹ̀. Kò so. Ó rìn lọ sí ti ẹ̀gbẹ́ kẹta, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Kò so. Etí kan ṣoṣo ló so, ti ìdí igi.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ká náà, láti òpin dé òpin, ó ń wo ilẹ̀. Ibi tó so dà bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ. Níbì kan, aṣọ náà já. Níbẹ̀, ewé lásán dé ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, èso tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè láti mọ ibi tó wà. Kùkùté igi méjì ló wà níwájú rẹ̀, ti àwọn tẹ́ẹ̀kì tí Bonaventure ọkọ rẹ̀ gé láti fi ṣe òrùlé.

Níbi tí igi wà, ẹ̀wà so. Níbi tí igi kò sí, kò so.

Ó jókòó lé kùkùté kan. Kò bá ohun tó mọ̀ mu. Ẹ̀wà kì í fẹ́ abẹ́ igi. Igi a máa du oòrùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ni igi wá ń fún ẹ̀wà yìí tí oòrùn kò fún un? Ó wo igi tó kù. Àmì ọ̀dà pupa wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ará pápá ló kùn wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n ní wọ́n ga jù, àwọn yóò gé wọn.

Ó gbọ́ ìró alùpùpù. Bonaventure ló ti Sakété dé. Wọ́n ti sọ fún un lójú ọ̀nà, torí ó ń bọ̀ tìbínú-tìbínú.

“Ṣé lóòótọ́ ni? Gbogbo oko?”

“Gbogbo rẹ̀, Bàbá Gaël. Àfi ìdí igi.”

“O kò sì wò ó kí o tó pe ènìyàn.”

“Ta ló máa ń wọ oko ẹ̀wà? Ṣé ẹ̀yin ti wọ̀ ọ́ rí?”

Ó wo oko náà, ó mí kanlẹ̀. “Ó dára bí wọ́n ṣe fẹ́ gé igi lọ́la nígbà náà. A ó rí pákó lò, ilẹ̀ yóò sì rí oòrùn sí i.”

“Ọ̀la kẹ̀?”

“Ọ̀la ni wọ́n sọ. Mo ti gbà fún wọn. Igi náà ń dí ojú ọ̀nà ọkọ̀ òfúrufú.”

“Ẹ kò sọ fún mi.”

“Igi bàbá mi ni.”

“Oko mi ló wà nídìí rẹ̀.”

Marcelline fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó korò, ó sì gbé e mì, torí ojú rẹ̀ kan adìẹ Màmá kan tó sùn sábẹ́ ìtàkùn ẹ̀wà ní ọ̀sán gangan, tó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Ó ń wò ó. Màmá ní wọn kò sùn lóru. Màmá fúnra rẹ̀ kò rí oorun sùn àfi ìgbà tó ta ìró bo fèrèsé. Bọ́láwájí ní oòrùn ibí kì í wọ̀ mọ́.

“Kò sùn,” Marcelline wí.

“Kí ni kò sùn?”

“Ẹ̀wà náà. Mo rò pé kò sùn ni.”

Bonaventure wò ó bí ẹni wo ọmọdé. “Marcelline, ìmọ́lẹ̀ ló ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà. Bó bá jẹ́ pé iná pápá ń ṣe nǹkan sí i, yóò ṣe é ní rere.”

“Ó ṣe é ní rere. Ẹ wo ewé. Ó ń dàgbà, ó ń dàgbà, kò rí ẹni sọ fún un pé alẹ́ ti lẹ́, kí ó dúró kí ó so.”

“Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ó ṣe mọ̀.”

Ó padà lọ bá àwọn obìnrin náà. Wọ́n ti ń di ẹrù wọn. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró di ìgbà tí iná pápá yóò tàn. Ó ní òun fẹ́ wo ibi tí òjìji àwọn igi náà yóò dé. Bó bá dé ibi tí ẹ̀wà so, tí kò kọjá rẹ̀, a jẹ́ pé òun rí nǹkan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò pa ẹnu òun mọ́, Màmá lè sọ ohun tó bá fẹ́ sọ lọ́jọ́ Àìkú.

“Àkàrà mi ńkọ́?” Flavienne béèrè. Ṣùgbọ́n ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Òun náà ń fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Bọ́láwájí ní òun ń lọ sí Pobè, ó wo àwọn òpó náà, ó wo oko, ó sì tún jókòó. Bonaventure lọ gbé alùpùpù rẹ̀ sábẹ́ òjìji, ó ń nu ibi tí kò dọ̀tí lára rẹ̀. Láti ìgbà oúnjẹ ni Arlette ti gbé ẹ̀wà tútù lé ẹsẹ̀, ó ń bó o, ó ń ṣa èyí tó tóbi sí ọ̀tọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé rẹ̀. Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀kánkán. Ó ń wò ó gidi, bí ẹni tó ń wá àléébù sí i.

Oòrùn rẹlẹ̀. Èéfín iná ìdáná tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀yẹ́ díẹ̀ ń fẹ́. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kí ilẹ̀ ṣú. Kòkòrò kan han nínú koríko, òmíràn dá a lóhùn. Àwọn adìẹ Màmá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rìn lọ sí ẹ̀bá ilé. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, alẹ́ gidi wà ní Yoko.

Iná náà tàn. Kì í tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó wá ń funfun díẹ̀díẹ̀, títí tí ènìyàn fi lè rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àwọn adìẹ dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n yí padà.

Marcelline kò wo òpó. Ilẹ̀ ló ń wò. Òjìji àwọn igi tẹ́ẹ̀kì náà ti bọ́ sórí oko, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n di ọ̀já dúdú kan tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn òpó iná ga, nítorí náà òjìji kò lọ jìnnà. Ibi tí ó parí sí ni ìtàkùn tí wọ́n ti ká èso rẹ̀ parí sí. Ní iwájú kùkùté méjèèjì, ọ̀já dúdú náà já, ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni gba ilẹ̀kùn, ó tẹ́ gbọọrọ sórí ewé tí kò so.

Flavienne lọ fi ẹsẹ̀ kan sínú òjìji, ó fi ẹsẹ̀ kejì sínú ìmọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Lọ́wọ́ òsì, ó já èso kan tí wọ́n gbàgbé. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣí ewé títí, kò rí nǹkan kan. Ó dìde. Ó wo ọ̀nà, níbi tí àga àkàrà rẹ̀ wà lábẹ́ iná, ó sì tún wo ewé.

Bọ́láwájí ń mi orí. “Láìláì, mi ò rí irú èyí rí,” ó wí.

Bonaventure ti dé ìdí igi kan. Ó fi èékánná họ ọ̀dà pupa tó wà lára rẹ̀. Ọ̀dà náà ti gbẹ, kò họ.

“Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gé e,” ó wí.

Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára igi bàbá rẹ̀.

Arlette ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ti dìde, ó ń wo oko náà bó ṣe máa ń wo irúgbìn lọ́jà, tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò hù.

“Ìyá Gaël, kò tíì kú. Ó kàn ń dúró ni. Ìrì ṣì ń sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bo ọ̀kan wò.”

“Ká fi kí ni bò ó?”

“Aṣọ tó nípọn. Ká bò ó bí ilẹ̀ bá ṣú, ká ṣí i láàárọ̀. Ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá yọ òdòdó tí àwọn tó yí i ká kò sì yọ, a mọ̀ dájú. A ó lè fi han ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni.”

“Báàṣì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ńkọ́?” Flavienne béèrè.

“Báàṣì yóò mú un gbóná. Aṣọ ni.”

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ìró kan péré ló wà lára oníkálukú. Marcelline ń ro àwọn aṣọ tó wà nílé: ti àwọn ọmọ fẹ́lẹ́, ti òun ti gbó, iná yóò là á kọjá.

Màmá dìde lórí àpótí. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ sójú ọ̀nà, ó rìn lọ sí ilé rẹ̀ tó wà ní ẹ̀bá oko, ó wọlé. Wọ́n rò pé inú bí i ni. Ó pẹ́ kí ó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó ká aṣọ kan lé èjìká: ìró aláró rẹ̀, tó nípọn, tó dúdú, tó ṣẹ́ po sí méjì, àmì ìṣó fèrèsé wà ní igun rẹ̀.

Marcelline na ọwọ́ láti gbà á. Màmá kọjá lára rẹ̀. Ó lọ dúró níwájú Arlette.

“Ìwọ ni kí o bò ó,” ó wí. “Ọwọ́ rẹ ni kí ó jẹ́.”

Arlette kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò dúpẹ́, Màmá kò sì dúró de ọpẹ́. Ó lọ sí ìdí ìkòkò, ó fi ìgbakọ họ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó bu ẹ̀wà tó kù sínú abọ́ tó mọ́, ó da epo lé e. Ó gbé e sórí àpótí tó ti ń jókòó láti àárọ̀, ó bò ó kí eṣinṣin má bà lé e, ó sì dúró tì í.

Wọ́n ri igi kékeré mẹ́rin yí ebè kan ká ní àárín ìmọ́lẹ̀. Arlette ta aṣọ náà lé wọn, ó fà á dé ilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ó ṣú níbẹ̀?” Marcelline béèrè.

“Ó ṣú.”

Marcelline náà ki orí bọ ọ́. Ó ṣú lóòótọ́. Ó ń gbóòórùn aró àti ewé tútù, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó yọ orí jáde.

Nígbà tó yọ orí jáde, ìmọ́lẹ̀ gún un lójú. Ó yíjú kúrò níbẹ̀, ó sì wo ilé Màmá. Kò sí nǹkan kan lójú fèrèsé mọ́. Iná pápá ti wọlé, ó mọ́ gbòò sórí ẹní tí Màmá ti tẹ́ sílẹ̀ láti sùn.